Ọjọ́ Tí Àáró Kan Oko Òjó

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ alágbára ni kí á máa ṣọ́ ẹni tó ṣẹ̀ sófin, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ẹsẹ̀ la fi ń ṣe é, àti etí, àti ìdí tó lè jókòó pẹ́ lórí àpótí onílé láìráhùn. Mo ṣe é láti ìgbà tí òyìnbó ṣì wà lórí àlééfà títí irun orí mi fi funfun, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì nítorí iṣẹ́ tí ẹ máa yàn láàyò, ẹ fún mi láyè díẹ̀. N kò ní tàn yín, n kò sì ní dẹ́rù bà yín.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ni mí, ní Òṣogbo. Bàbá mi ń hun aṣọ òfì, bàbá tó bí i náà hun ún, gbogbo ilé wa ló sì gbà pé èmi náà yóò jókòó sídìí òfì. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán ni iṣẹ́ wẹ́fíà yọjú. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi gba àkókò yín. Ohun tí mo rántí ni ohun tí bàbá mi sọ nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un.

“Ràfíù, ṣé gbogbo iṣẹ́ ayé ló tán, tó fi jẹ́ pé olè lo fẹ́ máa bá ṣọ̀rẹ́?”

“Bàbá, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́. Kóòtù ló ní kí á máa ṣọ́ wọn.”

“Ẹni tó bá ń ṣọ́ ènìyàn lójoojúmọ́, bí kò bá di ọ̀tá rẹ̀, á di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí o ṣìnà.”

Mo ṣe àmín, mo sì lọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, tí adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ sì rí i pé ẹ̀wọ̀n yóò kàn bà á jẹ́ sí i ni, ó lè fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ wa. Á padà sílé rẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, àwa á máa yọjú sí i, a ó sì máa sọ fún kóòtù bó ṣe ń ṣe. Àwa kan náà là ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé bẹ ilé tí kò fẹ́ gbà wọ́n. Àwọn kan rò pé ọlọ́pàá ni wá. Àwọn ọlọ́pàá rò pé pásítọ̀ ni wá. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà kò mọ ohun tí a jẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Ọ̀gá Ọdẹ́yalé. Ó ti ṣe wọ́dà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n rí kó tó wá sí wẹ́fíà, ó sì mọ ọ̀daràn bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá pẹ́ dé ọ́fíìsì, kò ní bá ọ wí. Á kàn dìde, á gbé àga rẹ̀ fún ọ, á ní kí o jókòó, òun á sì dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ títí wọn yóò fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jókòó sórí àga ọ̀gá mi. Òógùn tó bò mí lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n tún pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ó ní àwọn òfin tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. A kò gbọ́dọ̀ wọ kákí lọ sílé ẹni tí à ń ṣọ́. A kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé. Ẹnu bodè la ó ti sọ̀ kalẹ̀, ká máa tì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. A kò sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí a bá wá. Baálé la ó kọ́kọ́ kí. A ó béèrè oko, a ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, a ó jẹ ohun tí wọ́n bá gbé wá, lẹ́yìn náà la ó wá ní, “Lágbájá ńkọ́?” bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni. Ọmọ ìwé mẹ́fà ni mí, mo ti gbọ́n tán.

Lọ́jọ́ kan, mo ti abúlé kan dé, mo ní, “Ẹni wa wà dáadáa, sà.”

“Ta ló ń bá a jẹun?”

“N kò béèrè, sà.”

“Padà lọ.”

Ọ̀sán gangan ni. Mo tún gun kẹ̀kẹ́ padà sínú eruku tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n kúrò lára, mo ń kùn sínú. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, mo sì sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń bá ọkùnrin náà jẹun, pé òun nìkan ló ń dá jẹun lẹ́yìn ilé.

“A jẹ́ pé kò wà dáadáa nìyẹn,” ni ọ̀gá mi wí. “Ẹni tí kò rí ẹni rere bá jẹun, ẹni burúkú á pè é sídìí àwo tirẹ̀. Kóòtù ló ni ìwé, Ràfíù, ìlú ló ni ènìyàn. Bí ìlú ò bá gbà á, pàbó ni gbogbo ohun tí à ń kọ ránṣẹ́ sí adájọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá tó le kì í ṣe ọ̀tá.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà kò ju kẹ̀kẹ́ àti sálúbàtà lọ. Lẹ́yìn òmìnira ni alùpùpù dé, mọ́tò ọ́fíìsì tẹ̀lé e, nígbà tí mo sì fi máa fẹ̀yìn tì, tẹlifóònù ti wà lórí tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì wa á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, “Ṣé o wà nílé?” Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ á ní òun wà nílé. Kí ni wọ́n fẹ́ kó sọ? Pé òun wà lórí òrùlé ẹlòmíràn? N kò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá o. Mo kàn mọ̀ pé mọ́tò máa ń sáré kọjá níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń dúró, tẹlifóònù kò sì lè gbóòórùn ọbẹ̀ kó mọ̀ bóyá wọ́n dáná nílé náà lónìí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Iléṣà. Iléṣà kò jìnnà sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn yàtọ̀ sí tiwa. Mo ní ilé, wọ́n ní ulé. Mo ní iṣẹ́, wọ́n ní usẹ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí èmi náà fi ń jẹ uyán, tí iyán lásán kò sì tó mi jẹ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ. Ẹ mọ àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ káàkiri, tí wọ́n máa ń lóṣòó síwájú oníbàárà títí yóò fi sanwó, àwọn tí à ń pè ní òṣómàáló. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi náà bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ènìyàn, n kì í tètè dìde, wọ́n ní, “Òṣómàáló kóòtù tún ti dé.” Mo gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó sàn ju kí wọ́n pè mí ní ọlọ́pàá.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé àwọn ọmọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà níbẹ̀, ọkùnrin kan wà tí a ó máa pè ní Òjó. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ní ìyàwó kan, bàbá rẹ̀ sì fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó lọ kó kòkó tí aládùúgbò rẹ̀ sá sórí ẹní. Fámúyìwá la ó máa pe ẹni tó ni kòkó. Wọ́n ká Òjó mọ́ ojú ọ̀nà Ìpetu pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò jiyàn, kò sì wá àwáwí. Ó ní ojúkòkòrò ló ti òun dé ibẹ̀.

Adájọ́ wò ó pé kò jalè rí, ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ wa, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, Lọ́jà abúlé náà, ìyẹn olórí wọn, gbọ́dọ̀ wá sí kóòtù wá sọ bóyá àwọn ará abúlé lè bá Òjó gbé. Bí wọ́n bá lè bá a gbé, ọ̀rọ̀ parí. Bí wọn kò bá lè bá a gbé, ó di ẹ̀wọ̀n.

Mo dé abúlé náà, mo ti kẹ̀kẹ́ mi wọlé, mo kí baálé, mo jẹ iṣu, mo sì rí ohun tí mo wá wò. Kò sẹ́ni tó ń bá Òjó jẹun. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àáró.

Bóyá àwọn kan nínú yín kò mọ àáró mọ́. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀, tí ènìyàn ń bẹ ará ilé àna lẹ́ẹ̀kan tí ó tán. Àáró ni kí àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan parapọ̀. Lónìí gbogbo wọn á lọ sí oko tìrẹ, bó bá di ọjọ́ mìíràn wọ́n á lọ sí oko tèmi, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí títí yóò fi kárí. Ọjọ́ la fi ń san ọjọ́. Ẹni tí kò bá sí nínú àáró, òun nìkan ni yóò ṣánko, tí yóò kọ ebè, òjò kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ Òjó á di igbó, ebi á wọlé, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí ebi máa ń rán ẹni tó ti jalè lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ tún wá wo bí ayé ṣe rí: Fámúyìwá tí wọ́n kó kòkó rẹ̀ gan-an ni olórí àáró náà.

Mo bá a lábẹ́ igi ọsàn rẹ̀, ó ń pọ́n àdá.

“Ẹ kú usẹ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Òṣómàáló kóòtù, mo mọ ohun tí o bá wá. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. O lè padà sí Òṣogbo.”

N kò padà. Mo jókòó. Ó pọ́n àdá náà títí tó fi mú bí abẹ ìfárí. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún àwa méjèèjì. Ọjọ́ kejì mo tún wá, mo tún jókòó. Níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á jọ lọ rí Lọ́jà, nítorí pé òun kò lè máa bọ́ ọmọ Òṣogbo títí ọdún á fi parí.

Lọ́jà jẹ́ bàbá arúgbó tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó gbọ́ ti Fámúyìwá, ó sì ránṣẹ́ pe Òjó. Òjó dọ̀bálẹ̀, kò gbójú sókè.

“Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra,” ni Lọ́jà wí. “Òjó á bọ́ sẹ́yìn àáró. Á ṣiṣẹ́ lóko gbogbo yín, oko tirẹ̀ ni yóò sì kẹ́yìn. Bí ẹ ó bá lọ síbẹ̀ tàbí ẹ kò ní lọ, n kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi bá rí lọ́jọ́ náà ni màá sọ fún adájọ́. Bí wọ́n bá wá, màá ní wọ́n wá. Bí oko bá ṣófo, n kò ní tìtorí Òjó parọ́ lọ́jọ́ alẹ́ mi.”

Fámúyìwá ní òun gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan. “Kí ó ṣiṣẹ́ lóko àwọn yòókù. Oko tèmi, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá kan oko mi, ilé ni kó wà. Ọjọ́ tó bá sì kan oko tirẹ̀, èmi náà á wà nílé.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sí. Òjó a máa kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló sì ń kẹ́yìn kúrò. Wọ́n ń bu omi fún un nínú igbá ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a ṣàwàdà, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé àwàdà ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ oko ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ebè rẹ̀ ga, ó sì tọ́, ojú àgbẹ̀ kì í sì í fo irú ìyẹn kọjá. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé a ti borí.

Ìgbà náà ni àjálù dé, láti ibi tí n kò fọkàn sí.

Akódà kan wà ní Ìpetu tó ń jẹ́ Bándélé, ọlọ́pàá kóòtù ìbílẹ̀. Ọmọlúàbí ni, kò sì ní èrò ibi. Ọ̀gá tirẹ̀ ní kí ó lọ wo Òjó wá, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún wa. Bándélé wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tán pátá, fìlà lórí, kóńdó nídìí, bàtà tó ń dún kò-kò-kà, ó gba oko lọ tààrà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àáró. Kí ó tó la ẹnu, ẹnì kan ti pariwo pé, “Owó orí!”

Ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ owó orí yín kúrò nínú owó oṣù kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe sí àgbẹ̀ nígbà náà. Bí akódà bá yọ sóko, kì í ṣe kíkí ló wá kí ènìyàn. Ẹni tí kò san owó orí ló wá mú. Ẹni tó ti san sá, ẹni tí kò tíì san sá. Ọkọ́ fò sọ́tùn-ún, àdá fò sósì, wọ́n fọ́n ká sínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn já sí kòtò, ó rọ́ lẹ́sẹ̀. Bándélé dúró láàárín oko, ó ń pè wọ́n pé kí wọ́n padà wá, ohùn rẹ̀ sì ń lé wọn jìnnà sí i. Ọjọ́ àáró ẹni tó ni oko bàjẹ́ pátápátá, òjò sì rọ̀ lọ́jọ́ kejì lórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ tán.

Òjó nìkan ni kò sá. Èmi ni mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bó bá rí ọlọ́pàá, kó má sá, kó dúró, kó dáhùn. Ó dúró, ó dáhùn, ó sì pọn ẹni tó rọ́ lẹ́sẹ̀ dé ilé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá sọ o. Wọ́n ní òun ló pe akódà wá. Bí kò bá ṣe pé òun ló pè é, kí ló dé tí òun nìkan kò sá?

Nígbà tí mo dé abúlé, ojú ti yí padà. Ìyàwó Òjó ń di ẹrù. Ó ní bàbá òun ti ní kí òun máa bọ̀ nílé, pé kò sí ohun tí òun tún ń dúró dè. Òjó jókòó sórí òkúta lẹ́yìn ilé.

“Ọ̀gá wẹ́fíà,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n máa lọ sẹ́wọ̀n. Níbẹ̀, gbogbo wa la ó jọ jẹ́ olè.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo bínú sí akódà, mo bínú sí ọ̀gá rẹ̀, mo bínú sí abúlé náà lápapọ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ wá sí Iléṣà, mo wọ ọkọ̀ lọ bá Ọ̀gá Ọdẹ́yalé ní Òṣogbo, mo sì rojọ́ fún un tìbínú-tìbínú. Kò bá mi kẹ́dùn.

“Àwọn ará abúlé kò jẹ̀bi,” ló ní. “Ìjọba kan náà ló rán ìwọ pẹ̀lú sálúbàtà, tó rán ọlọ́pàá pẹ̀lú bàtà. Bí ọwọ́ ọ̀tún kò bá mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe, báwo ni igbá ṣe máa délé láìdànù? Wá, ká lọ.”

Ó wá fúnra rẹ̀. A kọjá ní Ìpetu, a mú Bándélé dání, ọ̀gá mi sì ní kó bọ́ fìlà rẹ̀ kí á tó wọ abúlé. Níwájú Lọ́jà àti gbogbo àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró, Bándélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ṣàlàyé pé Òjó kò pe òun, pé wọ́n rán òun ni, pé òun kò sì bá ti owó orí wá rárá. Ọ̀gá mi náà bẹ̀bẹ̀ lórúkọ wẹ́fíà. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ojú Fámúyìwá kò tú ká.

“Ẹ̀bẹ̀ dára,” ni Fámúyìwá wí. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ ẹnì kan bàjẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í kọ ebè.”

Lọ́jà mi orí. “Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ ni wọ́n bà jẹ́, ọjọ́ ni wọn yóò fi tún un ṣe. Akódà, ìwọ àti Òṣómàáló kóòtù, ẹ wá ọkọ́. Ẹ̀yin náà ti bọ́ sínú àáró.”

Mo wo ojú ọ̀gá mi, mo rò pé yóò gbà mí sílẹ̀. Ó ní, “Ó kéré tán, o kò ní pẹ́ dé oko.” Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Báyìí ni ọmọ ahunṣọ Òkè-Baálẹ̀ ṣe di àgbẹ̀. Bándélé kò níṣòro, oko ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó bọ́ ẹ̀wù oko sọ́rùn tó gbá ọkọ́ mú, ìdí iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi ló kù. Ebè tí mo kọ́kọ́ kọ, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan bi mí bóyá ibojì adìyẹ ni. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀yìn mi ro mí, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nínú ẹ̀rín yẹn, Òjó wá, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi bí mo ṣe máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn mí. Ẹnì kan ní, “Òjó, kọ́ ọ dáadáa o, kó má baà bẹ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n bá a sọ lóko láti ìgbà tó ti padà.

Láti ọjọ́ náà lọ, a kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ ẹni tí à ń ṣọ́ ṣe mọ́. Ọlọ́pàá, wẹ́fíà, Lọ́jà, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ àti olórí ìjọ a máa pàdé nílé Lọ́jà lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, olúkúlùkù á sọ ohun tó rí àti ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n mú àṣà náà dé àwọn abúlé mìíràn. Mo ń lò ó títí mo fi di ọ̀gá ní Òṣogbo, èmi náà sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ mi. Àwọn kan nínú wọn rò pé ìwé ni mo ti kà á. Oko ni mo ti kọ́ ọ, ọwọ́ mi ló bó.

Àáró yí, ó yí, ó wá kan oko Òjó.

Ìdájí ni mo débẹ̀. Bándélé ti ṣáájú mi. Ìyàwó Òjó, tí kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán láti ọjọ́ tó dì í, ń dáná lábẹ́ igi, ó ń bọ iṣu tó tó gbogbo àáró jẹ. Lọ́jà rọra rìn wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó sórí ìtì igi. Òjó, Bándélé àti èmi mú ìlà wa, a bẹ̀rẹ̀. Ojúmọ́ mọ́. Oòrùn yọ. Kò sẹ́ni tó wá. Iṣu jinná, ìyàwó Òjó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ewé bò ó. Mo ń kọ ebè, n kò sì mọ ohun tí mo ń kọ, nítorí pé etí mi wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́kọ́jọ́ lọ nínú iṣẹ́ mi. Òjó kò wo ojú ọ̀nà rárá. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ọkọ́ náà ni yóò jẹ́rìí fún un.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ń jiyàn nípa ewúrẹ́ kan tó jẹ ẹ̀gẹ́ ẹnì kan, wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró náà, ọkọ́ léjìká, bí ẹni pé wọn kò pẹ́ rárá. Wọ́n kí Lọ́jà, wọ́n kí ara ilé, olúkúlùkù mú ìlà tirẹ̀. Ẹni tó rọ́ lẹ́sẹ̀ náà wá, ó jókòó, ó ń bá ìyàwó Òjó gún ata. Lọ́jà tú èémí jáde. Ó ti rí ohun tí yóò sọ fún adájọ́. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi apá nu ojú mi, mo ṣe bí ẹni pé òógùn ni.

Gbogbo wọn ló wá, àfi Fámúyìwá. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n nígbà tó yọ létí oko. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Kò kí Òjó. Ó wo ilẹ̀ náà yíká, ó wo ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òjó tí kò sẹ́ni tó mú un, ó bọ́ sí i. Ó ṣe é dópin, ó padà, ó mú òmíràn. Àwọn méjèèjì jọ ń tẹ̀ síwájú, èjìká kò jìnnà síra wọn.

Nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ, ìyàwó Òjó kúnlẹ̀, ó gbé iṣu àti epo síwájú Fámúyìwá. Fámúyìwá fọwọ́ ti àwo náà sẹ́yìn, tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

“Má bínú, ìyàwó. N kò tíì lè jẹ oúnjẹ ilé yìí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú mi.” Ó dìde, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìgbà yẹn ló wo Òjó lójú. “Ọ̀túnla ni àáró tún máa bẹ̀rẹ̀ láti oko tèmi. Mú ọkọ́ rẹ wá.”

Òjó dìde láti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Fámúyìwá kò sì dúró gbọ́ ọ, ó ti ń lọ.

Lọ́túnla, nígbà tí èmi àti Fámúyìwá jọ dé ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀, ìrì ṣì wà lára ewé. Òjó ti wà níbẹ̀. Ó dúró síta ààlà, ọkọ́ lọ́wọ́, kò tẹ ilẹ̀ náà. Fámúyìwá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò bojú wẹ̀yìn.

“Kí lò ń dúró dè?” ló ní. “Bọ́ sóko.”